Ìgò Ògùn Ojú Iye Àrìnpé

Kí oòrùn tó yọ dáadáa ní Mólútẹ̀hìn, àwọn ọmọ ti máa ń tò sórí afárá pákó níwájú ilé Iye Àrìnpé. Wọn kì í tò fún àkàrà. Ojú ni wọ́n wá kán. Iye Àrìnpé á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, ọmọ tó bá kàn á gbé orí lé e nítan, ìyá àgbà á sì kán ògùn sí i lójú, ọ̀tún kan, òsì kan, á wá gbá a nídìí pé kó dìde fún ẹlòmíràn. Ìgò kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Ìgò rọ́bà funfun kékeré ni, ó ní ìdérí aláwọ̀ ewé, orí ìṣó kan lẹ́nu ọ̀nà ìyá àgbà ló sì ń gbé, nínú àpò ọ̀rá, kí ẹnikẹ́ni lè nawọ́ mú un bí ìyá àgbà kò bá sí nílé.

Kò sí ọmọ kan lórí afárá náà tí ojú kì í yún. Inú èéfín ni wọ́n bí wọn sí. Ìyá wọn ń yan ẹja, ìyá ìyá wọn yan ẹja, ilé ìyanja kò sì jìnnà sí ibi tí wọ́n ń sùn ju ìṣísẹ̀ márùn-ún lọ. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti dé pẹ̀lú ọyẹ́ àti eruku, ojú wọn á pọ́n, á máa sun ipin tó ń fà bí ọbẹ̀ ilá, wọ́n á máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra á títí ìpéǹpéjú á fi wú. Ojú èéfín ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní bí ọmọ bá dàgbà, ó máa ń lọ fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe sọ nípa iná gáàsì tí ilé-iṣẹ́ epo ń sun tọ̀sán-tòru ní òdìkejì omi, pé ó máa lọ, ó sì ti lé ní ogún ọdún tó ti ń jó.

Kàsúmù ló mú ògùn ojú náà wá. Kàsúmù kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ìyẹn sì tó létí omi. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni ọkọ̀ rẹ̀ ń kọjá, pẹ̀lú ògùn ibà, ògùn aràn, ògùn ọkùnrin tí nǹkan ti rẹ̀ sílẹ̀ fún, àti ògùn ojú. Tí wọ́n bá kán ti ojú yìí sí ọmọ, kó tó jẹun tán, ìyún ti lọ. Tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ojú ti funfun báláú. Ta ni kò ní gbà á gbọ́? Ọdún kẹta rèé tí ìgò kò tíì kúrò lórí ìṣó Iye Àrìnpé, torí bí ọ̀kan bá ti ń lọ sópin, ẹnìkan lórí afárá á ti ra òmíràn wá. Ìwà rere wọn nìyẹn. Wọn kì í rí ohun tó ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n fi pa mọ́ fún ara wọn.

Ní ọjọ́ Ajé tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Ọmọ́lẹ́wà ló kọ́kọ́ kán ojú. Ọmọ ọmọ Iye Àrìnpé ni, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó ga, orí rẹ̀ pé, ẹnu rẹ̀ sì mú díẹ̀. Bó ṣe dìde nítan ìyá àgbà ni Moríkẹ́, ìyá rẹ̀, gbé agbọ̀n ẹja yíyan kan sínú ọkọ̀ kékeré fún un pé kó fi jíṣẹ́ fún oníbàárà kan ní òdìkejì kó tó lọ sílé ìwé. Ọmọ náà wọ ọkọ̀, ó fi àjẹ̀ ti ara rẹ̀ kúrò létí opó, ó ń kọrin lọ.

Kò tíì dé àárín omi tí ariwo fi sọ.

"Ṣé ojú rẹ fọ́ ni? Mo ní ṣé ojú rẹ fọ́ ni?"

Jọọlá ni. Edé ló ń tà, ó sì ń ti ibi tó ti lọ ra edé tútù bọ̀ ní àárọ̀ náà, agbọ̀n mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ kún. Ọmọ́lẹ́wà ti fi orí ọkọ̀ tirẹ̀ gbá ọkọ̀ Jọọlá ní ẹ̀gbẹ́, agbọ̀n méjì sì ti da edé padà sínú omi. Jọọlá fúnra rẹ̀ kò ṣubú, ṣùgbọ́n gèlè rẹ̀ ti lọ, ó sì ń wo bó ṣe ń léfòó lọ sọ́nà òkun. Nígbà tí wọ́n fi máa wa ọkọ̀ méjèèjì dé èbúté, gbogbo afárá ti jáde.

"Moríkẹ́ o! Jáde wá wo ohun tí ọma rẹ fi mí ṣe!"

"Jọọlá, jọ̀ọ́, fara balẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Mò ń bọ̀ ní gbangba, mò ń pè é, 'Yà! Yà!' Ọma rẹ kọjú síwájú bí ẹni tí wọ́n gbẹ́ lére, ó wa ọkọ̀ lù mí! Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé! Ó gbá opó ilé Ọlálẹ́yẹ, ẹ ní ọmọdé ni. Ó gbá ọkọ̀ wòlíì, ẹ ní wòlíì ló sùn. Èmi náà sùn lónìí, àbí?"

Olówòkéré, bàbá ọmọ náà, ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin tó máa ń fi gbogbo nǹkan ṣe yẹ̀yẹ́ ni, wọ́n ní ó ṣe ẹ̀fẹ̀ níbi ìsìnkú bàbá rẹ̀. Kò tilẹ̀ gbé orí sókè.

"Jọọlá, edé ò kú o. Ilé wọn ni wọ́n padà sí. Ṣé kí n bá ọ lọ bẹ̀ wọ́n?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Jọọlá kò rẹ́rìn-ín. Ó fi èébú fọ Olówòkéré láti orí dé ẹsẹ̀, ó kan àwọ̀n rẹ̀, ó kan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tí kì í tètè jí, ó kan àwọn nǹkan mìíràn tí wọ́n sọ pé kì í tètè jí, ẹ̀rín àwọn èèyàn sì tún pọ̀ sí i.

Moríkẹ́ yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Kí ló dé tí o kò yà fún wọn?"

"Mi ò rí wọn, Iye. Wọ́n ṣáà yọ sí mi lójijì ni."

"Ọkọ̀ tó gùn tó báyìí, lórí omi gbalasa, ló yọ sí ọ lójijì?" Moríkẹ́ gbá a létí. Ìró ìgbájú náà dún dé òpin afárá.

Ìgbà yẹn ni Tíṣà Akínwùmí ń kọjá lọ sílé ìwé. Ará Ìbàdàn ni, ìjọba ló gbé e wá, ó sì ti pé ọdún méjì níbẹ̀, síbẹ̀ kì í rìn lórí afárá láìwọ ẹ̀wù ìléfòó aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n fi ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Jọọlá dá a dúró pé kó wá dá ẹjọ́.

"Tíṣà, ẹ sọ òótọ́. Ṣé ọma yìí ń ríran?"

"Ọmọ́lẹ́wà kẹ̀? Ẹ̀yìn kíláàsì ló máa ń jókòó, ó sì ń ka pátákó bí ẹni ń ka ìròyìn nínú rédíò. Kò sóhun tó ṣe ojú rẹ̀, màmá. Àìfarabalẹ̀ ni." Ó tún ẹ̀wù ìléfòó rẹ̀ dè, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹjọ́ parí nìyẹn. Àìfarabalẹ̀ ni. Jọọlá ní àtẹ ọ̀bọ̀kún yíyan tó wà níwájú Moríkẹ́ lòun máa gbé dípò edé òun, ó sì gbé e. Kó tó lọ, ó fa ọmọ rẹ̀, Kọ́lájọ, jáde láàárín èrò. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ni, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Jọọlá kò jẹ́ kó wa ọkọ̀ rí, kò jẹ́ kó lọ gbá bọ́ọ̀lù, àwọn ará afárá sì máa ń sọ pé ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn.

"Ògùn kan náà ni wọ́n jọ ń kán," Jọọlá sọ. "Ẹ wo ojú ọma tèmi, bó ṣe mọ́ tónítóní. Ṣé ó kọlu ẹnikẹ́ni rí? Ẹ lọ kọ́ tiyín lẹ́kọ̀ọ́."

Ọmọ́lẹ́wà jókòó sídìí opó, ó ń sunkún. Ojú rẹ̀ sì pọ́n. Iye Àrìnpé rí i pé ó pọ́n, àánú ṣe é, ó nawọ́ sí ìṣó, ó tún kán ògùn méjì méjì sí i.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n jẹun. Púpurú ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ marúgbó, Moríkẹ́ sì kó ẹja ṣàwá mẹ́fà sórí rẹ̀ fún Ọmọ́lẹ́wà àti àbúrò rẹ̀, Òkìkí, ọmọ ọdún mẹ́fà, torí inú àwo ńlá kan náà ni àwọn méjèèjì ti jọ ń jẹ. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ nítorí ìgbájú yẹn. Ó dúró, ó ń wò wọ́n.

Ohun tó rí kò yé e ní àkọ́kọ́. Òkìkí jẹ ẹja tirẹ̀ tán. Ó rọra na ọwọ́ gba ẹ̀gbẹ́ òsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó mú ẹja kan. Ọmọ́lẹ́wà kò sọ nǹkan kan. Ó tún mú ìkejì, kò tilẹ̀ yára, bí ẹni tó ń ṣe é lójoojúmọ́. Ọmọ́lẹ́wà tó jẹ́ pé lọ́dún tó kọjá ó gé àbúrò rẹ̀ jẹ nítorí orí ẹja! Ó kàn ń bu òkèlè níwájú rẹ̀, ó ń jẹ.

"Ọmọ́lẹ́wà, ẹja tìẹ dà?"

"Ó ti tán, Iye."

Ọ̀kan ṣì kù nínú àwo, lápá òsì, nítòsí àtàǹpàkò rẹ̀. Moríkẹ́ kúnlẹ̀. Ó mú ẹja náà, ó gbé e sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ọmọ náà, ó ń mì í. Ọmọ náà ń wo iwájú. Ó rọra ń gbé e bọ̀, ó ń gbé e bọ̀, ó kù díẹ̀ kó kan imú rẹ̀ kí ọmọ náà tó ṣẹ́jú.

"Háà, ẹja kan ló kù!" Ọmọ́lẹ́wà gbà á, ó jẹ ẹ́.

 Moríkẹ́ dìde, ó lọ bá ọkọ rẹ̀.

"Aba Ọmọ́lẹ́wà, ẹ dìde. Igbókòdá la ń lọ. Ojú ọmọ yìí ò dáa."

"Ojú tó ń ka pátákó láti ẹ̀yìn kíláàsì?"

"Kò rí ẹja."

"Ẹja tí Òkìkí bá fẹ́ jí, èmi gan-an kì í rí i." Olówòkéré rẹ́rìn-ín. "Gbọ́ mi. Epo tó wà nínú gálọ́ọ̀nù yẹn, ti òkun ọ̀la ni. Mi ò ní sun ún dé Igbókòdá kí dókítà kan lè sọ fún mi pé ọmọ mi ní ojú méjì. Jẹ́ kí Kàsúmù dé."

Epo rọ̀bì ń jáde lábẹ́ omi Mólútẹ̀hìn bí ìsun, hẹlikọ́pítà àwọn tó ń wà á sì ń fẹ́ òrùlé àwọn èèyàn ṣí bó bá ń kọjá. Ṣùgbọ́n ká ní kí ọkùnrin kan bu epo tó máa gbé ọmọ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè wo ojú, ìjà ni. Láti ibẹ̀ dé ẹnu òkun, kò sí ẹnìkan tó ní ìwé àṣẹ láti yẹ ojú adìyẹ wò.

Moríkẹ́ kò jà. Ó mú Ọmọ́lẹ́wà lọ́wọ́, ó wọ ọkọ̀ kékeré, ó mú àjẹ̀. Ó tú okùn.

"Níbo lò ń lọ?"

"Igbókòdá."

"Pẹ̀lú àjẹ̀? Ọ̀la ni wàá dé!"

"Ẹ bá mi kí òkun."

Gbogbo afárá ń wò ó. Àwọn obìnrin ti ń pa òṣé. Olówòkéré mọ̀ pé títí ọdún á fi parí, wọ́n á máa sọ pé ìyàwó òun ló fi àjẹ̀ wa ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Ó gbé ẹ́ńjìnnì lé èjìká, ó ń kùn, ó bẹ́ sínú ọkọ̀ ńlá, ó ní kí àwọn méjèèjì máa bọ̀. Ẹ́ńjìnnì náà kò sì tètè jí, Jọọlá sì wà níbẹ̀ láti rí i.

Lójú ọ̀nà, ó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní bí wọ́n bá dé, òun máa ní kí dókítà bá òun wo ojú Jọọlá, kó wò ó bóyá òun gan-an ni kò rí ọkọ̀ ọmọ. Ọmọ́lẹ́wà ń rẹ́rìn-ín. Ó jókòó síwájú, ó ń jẹ búrẹ́dì.

Ọkọ̀ ńlá ilé-iṣẹ́ epo kan wá yọ lápá òsì, láti inú ọ̀nà omi kan, ó ń sáré. Kò sí ọmọ etí omi tí kò mọ ohun tí èèyàn ń ṣe nígbà náà: ọwọ́ méjèèjì ló máa fi di etí ọkọ̀ mú kí ìgbì tó dé. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò mọ̀ ọ́n. Moríkẹ́ di ọkọ̀ mú. Olówòkéré di ọkọ̀ mú. Ó ń wo ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ níwájú, ó ń retí kó sọ búrẹ́dì kalẹ̀. Ọmọ náà gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì, ó gbé orí sókè, ó wo ọ̀tún. Ó ń wá a lápá ọ̀tún. Ọkọ̀ ńlá náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn wọ́n lápá òsì, ó funfun, ó ga ju ilé wọn lọ.

Ìgbì gbé ọkọ̀ wọn sókè. Ọmọ́lẹ́wà ṣubú lu ìyá rẹ̀, búrẹ́dì sì bọ́ sínú omi.

Olówòkéré tẹ ẹ́ńjìnnì náà dé òpin, kò sì ṣe yẹ̀yẹ́ kankan mọ́ títí wọ́n fi dé Igbókòdá.

Ilé ìwòsàn ojú náà kéré, ẹ̀yìn ọjà ló wà, dókítà kan ṣoṣo ló sì ni ín. Dókítà Mùnírátù ni orúkọ rẹ̀, ará Ọ̀yọ́, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí ohùn rẹ̀ le ju ara rẹ̀ lọ. Ó tan iná sí ojú Ọmọ́lẹ́wà. Ó yí ìpéǹpéjú rẹ̀ síta, ó wo inú rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ó fi ẹ̀rọ kan wọn ojú ọ̀tún, ó fi wọn òsì, ó tún òsì wọ̀n. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó sí iwájú rẹ̀, orúnkún kan orúnkún.

"Fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún. Wo imú mi. Imú mi nìkan ni kó o máa wò, má wo ibòmíràn. Ìka mélòó ni mo nà?"

"Níbo, mà?"

Ìka mẹ́rin ló nà, ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀. Olówòkéré rí wọn láti ẹnu ọ̀nà.

"Dókítà, ó ń ka ìwé o," ó sọ. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Ó ń kà á, bàbá. Àárín ló ṣẹ́ kù fún un. Ó dà bí ẹni tó ń ti inú ọ̀pá ìbẹ́pẹ wo òde. Òsì ló burú jù. Kí lẹ ti ń kán sí i?"

Moríkẹ́ yára dáhùn, torí ó rò pé ibi tí wọ́n máa ti yìn ín nìyí. "Ògùn gidi ni, dókítà. A ò fi falẹ̀ rárá. Láràárọ̀ ni. Ó ti pé ọdún mẹ́ta."

Dókítà fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú ìgò rọ́bà funfun kékeré kan jáde, ìdérí rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé.

"Òun gan-an nìyẹn!" Moríkẹ́ sọ. "Ẹ̀yin náà ń lò ó!"

"Mò ń lò ó fún ọjọ́ díẹ̀, tí mo bá ń wọn ojú aláìsàn lójoojúmọ́. Ọdún mẹ́ta!" Ó gbé ìgò náà kalẹ̀ gbà! "Ẹ gbọ́, ìyá. Ìyún yẹn, àìsàn ni, ara rẹ̀ ni kò gba èéfín àti eruku. Ká ní ẹ gbé e wá nígbà yẹn, ìwòsàn rẹ̀ rọrùn. Ògùn yìí lágbára, ó ń lé ìyún lọ wéréwéré, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tà á lórí omi. Ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ lójú ọmọ, omi inú ojú kì í rí ọ̀nà jáde mọ́. Ojú á máa le, á máa tẹ iṣan tó fi ń ríran. Kì í dun ọmọ. Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ọmọ ò sì ní mọ̀, torí kò sẹ́ni tó ń rí ohun tí òun ò rí."

"Èyí tó ti lọ ńkọ́?" Olówòkéré bi í.

"Ó ti lọ nìyẹn, bàbá."

 Nínú ọjà, ẹnìkan ń polówó yìnyín. Moríkẹ́ ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ tó gbá láàárọ̀, ó fẹ́ fọwọ́ kàn án, ojú tì í.

Dókítà kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn ńlá ní Àkúrẹ́, ó ní kí wọ́n rí i pé wọ́n lọ lọ́la, kí wọ́n má dúró de ọ̀tunla, bóyá wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ kí ìyókù má baà lọ. Ó fún wọn ní ògùn mìíràn tó máa jẹ́ kí ojú náà rọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì kán ti àkọ́kọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló bi wọ́n pé, "Ta ló tún ń lò ó nílé yín?"

Moríkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà wọ́n. Òkìkí. Kọ́lájọ. Àwọn ìbejì Ọlálẹ́yẹ. Fẹ̀hìntọlá. Àwọn ọmọ wòlíì mẹ́ta. Ìka rẹ̀ tán. Ó wo ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ kó gbogbo wọn wá," dókítà sọ. "Kí wọ́n má sì kán ọ̀kan sí i lónìí."

Olówòkéré kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti sáré lọ sí èbúté, ẹ́ńjìnnì náà sì jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni pé ó ti mọ̀.

Oòrùn ṣì wà lókè díẹ̀ nígbà tí wọ́n dé. Afẹ́fẹ́ ti yí padà lọ́sàn-án, ó ń gbé èéfín ilé ìyanja bo gbogbo afárá, ojú àwọn ọmọ ń yún wọn. Iye Àrìnpé ti gbé àpótí síta, ó ti na ẹsẹ̀. Wọ́n ti tò. Òkìkí ló gbé orí lé e nítan, Kọ́lájọ ló kàn.

"Iye! Ẹ má kán an!"

Moríkẹ́ bẹ́ láti inú ọkọ̀ kí ọkọ̀ tó dúró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó sómi. Ó já ìgò gbà lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí lórí afárá náà, ó sì jù ú sínú iná ìyanja. Rọ́bà náà rùn.

"Moríkẹ́, ṣé orí rẹ dàrú ni?" ìyá àgbà sọ.

Olówòkéré ló ṣàlàyé fún un. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó sọ ọ́ kúkúrú, kò fi ẹ̀fẹ̀ kankan sí i, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ẹ̀rù ba àwọn tó ń gbọ́. Iye Àrìnpé gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó nù wọ́n mọ́ aṣọ, ó tún nù wọ́n.

"Èmi," ó sọ. "Èmi tí mo ń jí kí àkùkọ tó kọ, torí kí n má baà gbàgbé ẹnìkan nínú wọn." Ó bú sẹ́kún.

Jọọlá la àárín èrò wọlé. Ìbínú edé àárọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀.

"Irọ́ nìyẹn! Moríkẹ́, o fẹ́ kí gbogbo wa gbàgbé pé ọma rẹ ò mọ ọkọ̀ wà ni. O wá ń ba ògùn gbogbo ayé jẹ́. Ọma tèmi ti lò ó fún ọdún mẹ́ta, kò gbá ọkọ̀ ẹnikẹ́ni!"

"Jọọlá, ìgbà wo lo fún un ní àjẹ̀?" Moríkẹ́ bi í. Kò pariwo. "Mú un jókòó síwájú rẹ. Ní kó bo ojú kan, kó máa wo imú rẹ. Na ìka lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ó bá rí i, èmi fúnra mi á ra ìgò mìíràn lọ́wọ́ Kàsúmù."

"Ìyẹn nìkan? Gbogbo yín, ẹ wá ṣe ẹlẹ́rìí o! Kí ojú ti ẹni tí ojú máa tì!" Jọọlá fa ọmọ rẹ̀, ó mú un jókòó sórí àpótí ìyá àgbà, òun náà jókòó síwájú rẹ̀ lórí pákó. Ó ń rẹ́rìn-ín sí èrò. "Kọ́lájọ, ọkọ mi, bo ojú kan. Ó dáa. Máa wo imú Iye rẹ. Imú mi nìkan o."

Ọmọ náà gbọ́ràn. Ọmọ tó máa ń gbọ́ràn ni. Ó tẹjú mọ́ imú ìyá rẹ̀.

Jọọlá na ìka mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Ó gbé wọn ga kí gbogbo èèyàn lè rí i.

"Ó yá, sọ fún wọn. Mélòó?"

Kọ́lájọ kò yí ojú rẹ̀. Ó dúró díẹ̀, ó ń retí.

"Iye," ó sọ, "ẹ tètè nà á, ojú ń yún mi."